Owó Ìkíni Tí Mo Gbà Nítorí Iṣẹ́ Rẹ

Ànyàmá, Abidjan, ọjọ́ Àìkú

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n ka owó ná. Bí n kò bá kà á, ọkàn mi kò ní jókòó.

Owó tí àwọn ará ìlú wa fi kí mi nígbà tí o rí iṣẹ́: Alájì Làmídì, 50.000. Bàbá Múfú oní-táyà, 20.000. Ìyá Kúdí aláṣọ, 10.000. Àwọn márùn-ún mìíràn, 5.000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 25.000. Àpapọ̀ rẹ̀, 105.000 fáráńkì.

Ohun tí mo fi ṣe: bàtà àti báàgì rẹ, 18.000. Aṣọ iṣẹ́ tí a rán, 24.000. Ohun tí mo fi kún owó yàrá rẹ ní Marcory, 30.000. Owó ọkọ̀ nígbà tí à ń wá yàrá náà kiri, 3.000. Àpapọ̀, 75.000.

Ó ku 30.000. Èyí tó kù yẹn náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Màá sọ ibi tó gbà lọ.

Báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ka lẹ́tà yìí sókè. Mo mọ̀ pé kíka Yorùbá máa ń nira fún ọ, ṣùgbọ́n etí rẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ibi tí ojú rẹ bá ti kọsẹ̀, etí rẹ á gbé e dìde. Ìwé mẹ́fà péré ni èmi náà kà, a jọ ń tiro ni. N kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Fóònù ń jẹ owó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí a bá ti dé ibi tó le, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé dá mi lóhùn, èmi á sì máa sọ pé "oui, oui" sí ohun tí kò yé mi.

Nígbà tí o pè mí ní Ọjọ́bọ̀, ohun tí mo rí gbọ́ kí owó orí fóònù rẹ tó tán ni pé: "Maman, ta ni Alájì Làmídì? Ó wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ní òun ti rí ẹ." Ó gé. Nírọ̀lẹ́, o kọ ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́. Faransé inú rẹ̀ kò pọ̀, mo kà á fúnra mi: ọ̀gá rẹ bi ọ́ bóyá o mọ ọkùnrin náà, o ní "non." Lẹ́yìn rẹ̀ o kọ "y a fohi", bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ṣe máa ń sọ bí kò bá sí wàhálà.

Wàhálà wà, Àṣàkẹ́. Láti ìgbà náà n kò lè fi ìdí lélẹ̀. Ẹnìkan wá ra ìṣó kílò kan ní ìsọ̀ mi, mo wọn kílò méjì fún un, ó dúpẹ́ ó lọ. Èmi tí mo máa ń tẹ̀ ba ṣa ìṣó kan ṣoṣo tó bá bọ́! Mo jókòó, mo dìde. Mo fẹ́ kọ̀wé, mo ní kí n má kọ ọ́. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ìdí tí n kò fi fẹ́ kọ ọ́, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Adjamé, lẹ́yìn tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́, alága dìde, ó fi Ràfí tí gbogbo wọn mọ̀ ọ́ sí pè mí, ó ní, "Ẹ bá Ìyá Ràfí yọ̀. Ọmọ wa ti wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ ìlú, tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé." Ìwé tí ẹ̀yin ń pè ní permis. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìwọ náà mọ àwọn ará wa. Ta ni nínú wọn tí kò ní ògiri kan tí kò tọ́ níbì kan? Owó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síwájú mi. Alájì Làmídì ka tiẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ẹgbàárùn-ún ẹgbàárùn-ún, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo dìde, mo sọ ohun tí gbogbo ìyá ń sọ bí wọ́n bá bá a yọ̀: "Ẹ ṣé o. Ọmọ gbogbo wa ni."

Nínú gbogbo ohun tí mo ti rà ní Abidjan, gbólóhùn yẹn ló wọ́n jù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá Múfú fi gbé fáìlì kan wá sí ìsọ̀ mi. Ilé tó ń gbé, tí ìjọba ya agbègbè rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ibùgbé, ó fẹ́ sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ilé ìkó-táyà-sí. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Kúdí gbé tirẹ̀ dé. Òun ti kọ́ yàrá méjì àti ìsọ̀ kan sí iwájú ilé rẹ̀ kó tó rántí pé ó yẹ kí èèyàn tọrọ àṣẹ. Àwọn ará ọ́fíìsì ti kọ̀wé sí i pé kó dáwọ́ dúró. Àwọn méjèèjì sọ ohun kan náà: "Kí ọmọ wa kàn bá wa wò ó." Mo gba fáìlì wọn, mo fi wọ́n sábẹ́ káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ọ̀dà. N kò sọ fún ọ. Mo ń wá ọjọ́ tí ara rẹ máa yá. Mo tún ń sọ lọ́kàn ara mi pé, kí ló burú nínú kí ọmọ wo ìwé fún ará ilé?

Alájì Làmídì ní tirẹ̀ kò gbé fáìlì kankan wá. Ó ti fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé ọ́fíìsì yín bí ó ṣe yẹ. Ó kàn fẹ́ kí ẹnìkan wà nínú ilé tí yóò máa tì í láti ẹ̀yìn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, èmi ni mo sì san owó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá bá ọ nílé, níbi ìsìnkú, níbi ìkómọjáde, má ṣe fọwọ́ kàn án. Má sọ pé "màá wò ó." Sọ pé, "Ẹ gbé e wá sójú fèrèsé, ẹ ó bá mi níbẹ̀." Kí o sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí àgbà ni wọ́n. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ẹnu tèmi ti jẹ. Ojú rẹ ni wọ́n fẹ́ kó tì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo ti ìsọ̀ pa. Mo mú 30.000 tó kù nínú owó ìkíni, mo mú 15.000 nínú owó ọjà mọ́ ọn, mo kó fáìlì méjèèjì sínú àpò sìmẹ́ńtì tó mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì gbaka lọ sí Adjamé. Bàbá Múfú gba 20.000 rẹ̀ kò tilẹ̀ kà á. Ó gba fáìlì, ó yí ojú sí táyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lọ kí n tó dágbére tán. Èèyàn tó bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa nìyẹn o. Ó dùn mí.

Ìyá Kúdí kò bínú bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà mọ ẹnu rẹ̀.

"Ìyá Ràfí, kí ló dé tí o gbé ojú bí ẹni tí wọ́n jí ìṣó rẹ kó?"

"Owó rẹ rèé. Ìwé rẹ rèé."

"Owó wo? Owó ìkíni? Ta ló ń dá owó ìkíni padà láyé yìí? Ṣé wọ́n ti lé ọmọ náà ni?"

"Wọn ò lé e. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé e ni."

"Ṣé mo ní kó jalè ni? Mo ní kó wò ó!"

"Kó wò ó pẹ̀lú ti àwọn tó tò sórí ìlà."

"Ìlà! Ìwọ kò mọ ìlà yẹn. Ìlà tó jẹ́ pé aboyún lè bímọ síbẹ̀, kí ọmọ náà sì dàgbà tó ẹni tó ń di ààyè mú fún ìyá rẹ̀." Ó gba owó náà, ó kà á, ó tún un kà. "Màá kà á o. Ìwọ náà á kà á."

"Kí n tó yọ ọ́ lápò ni mo ti kà á."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ìdì aṣọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Kí ni ẹni tó wà lórí ìlà máa mú dání? Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kìíní, wọ́n ní ìwé ilẹ̀ mi dà. Mo mú un lọ. Wọ́n ní àwòrán ilé dà. Mo mú un lọ. Wọ́n ní ẹni tó yà á kò fọwọ́ sí i."

Mo sọ ohun tí ìwọ sọ fún mi ní alẹ́ tí o fi ayọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ títí tí ọbẹ̀ fi jó mọ́ wa nínú ìkòkò: ìwé tó fi hàn pé ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀, àwòrán tó fi ibi tí ilẹ̀ wà hàn, àwòrán ilé tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà yà tó sì fọwọ́ sí, rìsíìtì owó tó san. Pé wọ́n máa rán ẹnìkan wá wo ibẹ̀, bóyá ilé náà jìnnà tó sí ọ̀nà, bóyá kò ga ju ohun tí àdúgbò náà gbà lọ, ibi tí omi ìdọ̀tí máa gbà. Pé lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àgbà ọ́fíìsì máa jókòó lórí rẹ̀. Mo ní ní ti èyí tí ó ti kọ́ ṣáájú àṣẹ, n kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n lè ní kó wó apá kan.

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn? Kí ló dé tí ẹnì kankan kò sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

Ìwọ lo ni èsì rẹ̀, Àṣàkẹ́, nítorí ìwọ ló jókòó síbẹ̀ báyìí. Jẹ́ kí n bá ọ ṣe ìṣirò kan. Láti Ànyàmá sí Adjamé, 300. Láti Adjamé sí ọ́fíìsì yín, 200. Àlọ àti àbọ̀, 1.000. Ìsọ̀ tí mo tì lọ́jọ́ náà, èrè rẹ̀ máa ń tó 3.000. "Ẹ padà wá lọ́la" kan jẹ́ 4.000. Bí o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin fún ẹni kan ṣoṣo nítorí ìwé mẹ́rin tí kò sí, o ti ná 16.000 rẹ̀, ìjọba kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹnu rẹ lo fi ń sọ ọ́, àpò ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń san án. Ẹni tó bá ti na ìwé sí ọ, wo gbogbo rẹ̀ tán, kí o sì sọ gbogbo ohun tó kù fún un lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá gbọ́ Faransé, fi Júlà sọ ọ́. O gbọ́ ọ dáadáa, ọjà ni mo ti tọ́ ọ. Bí kò bá mọ̀wé, kọ ọ́ sórí bébà kékeré fún un kí ọmọ rẹ̀ kà á. Bébà kò tó fáráńkì kan.

Èyí tó kàn, n kò tíì sọ ọ́ fún ọ rí, torí pé bàbá rẹ kò fẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tó wà láyé. Kí Ọlọ́run forí jì í, kò fẹ́ kí a fi òun rẹ́rìn-ín.

Ìwọ ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà náà, o kò tíì rìn. A ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn Abobo lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ilẹ̀ ìdílé òun ni. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ilẹ̀ náà gbẹ, ó tẹ́jú, àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, bàbá rẹ náà sì bọ́ bàtà, ó bá wọn gbá a. Ìdajì owó ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni wọ́n dá lé e. Bàbá rẹ béèrè pé kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dá a lóhùn pé ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí ọjà fi pọ́ọ́kú kò fẹ́ rà á ni. A ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé: a pe ẹlẹ́rìí, a gbé obì kalẹ̀, a ka owó, a bọ ara wa lọ́wọ́. A rò pé ó parí nìyẹn.

Bírìkìlà wa ló ní ká lọ gba ìwé àṣẹ. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, ọmọbìnrin kan ló wà lójú fèrèsé, kò lè ju ọjọ́ orí tìrẹ yìí lọ. Ó tẹ́ bébà ńlá kan sílẹ̀, ó wá a títí, ó wá fi ìka sí ibì kan. "Tantie, ibí ni ilẹ̀ yín. Ibi tí wọ́n kùn yìí, ọ̀nà omi ni. A kò lè fọwọ́ sí ilé níbẹ̀."

Bàbá rẹ gbaná jẹ. "Omi dà? Mo gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lánàá!"

"Tonton, ní ẹ̀ẹ̀rùn ni."

Èmi rò pé owó ló ń wá. Mo ká 5.000, mo tì í sábẹ́ ìwé. Ó fi orí bírò rẹ̀ tì í padà sọ́dọ̀ mi, kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ó ní, "Tantie, owó yìí kò lè gbé omi kúrò níbẹ̀."

A jáde, à ń bú u. Ní ẹnu géètì, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní margouillat dá wa dúró, àwọn alágbàtà tí wọ́n máa ń rọ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì bí alángbá, tí wọ́n ní àwọn mọ ẹnìkan nínú ilé. Ó ní ká má dá ọmọdé yẹn lóhùn, 60.000 ló máa gbà. Ó gbé ìwé dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ méjì. A kọ́ yàrá méjì. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, kò sí nǹkan kan. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ lọ pe ọmọbìnrin yẹn wá kó wá fi omi hàn mí." Ní òjò ọdún kejì, omi dé. Ó wá láti ẹ̀yìn, kò kan ilẹ̀kùn. Ògiri ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ṣubú. Mo gbé ọ lé orí àpótí, mo sì gbé àpótí lé orí tábìlì. Lẹ́yìn tí omi lọ, àwọn ará ọ́fíìsì wá fi ọ̀dà pupa fa igi méjì gba ara wọn kọjá lára ògiri tó kù, pé kí a wó o. A gbé ìwé olóǹtẹ̀ méjì jáde. Ẹni tó gbà á wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà fún wa. Nọ́ńbà orí rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn rárá.

Ilẹ̀, 150.000. Alágbàtà, 60.000. Búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì, páànù àti bírìkìlà, 240.000. Àpapọ̀, 450.000, láìka bẹ́ẹ̀dì àti àwọn aṣọ mi.

"Rárá" tí ọmọbìnrin yẹn sọ fún wa, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí omi wá sọ "rárá" tirẹ̀, 450.000 ló gbà.

Nítorí náà, ọmọ mi, sọ "rárá" rẹ ní kùtùkùtù. Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò lè kọjá, sọ fún un nígbà tí owó rẹ̀ ṣì wà lápò, kó tó di búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á bú ọ. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ. Mo ti wá ọmọbìnrin yẹn nígbà méjì láti tọrọ àforíjì, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá sì rán ọ lọ wo ilẹ̀, má jókòó sínú mọ́tò. Bi àwọn tó ń gbé àyíká pé níbo ni omi máa ń gbà nínú òjò. Bébà lè gbàgbé, ẹni tí omi ti gbé ìkòkò rẹ̀ lọ kò ní gbàgbé.

Mo ti ń yí ká ibi tí mo ń lọ. Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ Alájì Làmídì ló kù.

Láti ìsọ̀ Ìyá Kúdí, mo wọ gbaka mìíràn lọ sí Riviera, níbi tó ti ń kọ́lé. Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì bí ẹni jókòó sórí ìtẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yí i ká. Àdúgbò náà jẹ́ ti ilé gbígbé, àwọn ilé ibẹ̀ jẹ́ alájà kan, ọgbà yí wọn ká. Tirẹ̀ ti dé ògiri aládùúgbò lápá méjèèjì, kò ku ibi tí òjò máa gbà sílẹ̀ àfi àgbàlá ẹlòmíràn. Ìsàlẹ̀ máa jẹ́ ìsọ̀ mẹ́fà. Òkè máa jẹ́ àjà mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ hàn mí.

"Ìyá Ràfí! Ẹ wá wo ilé tí ọmọ yín máa bá wa parí!"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Alájì, 15.000 rèé. Ẹ jọ̀ọ́, màá máa mú ìyókù wá díẹ̀díẹ̀."

Kò na ọwọ́. "Kí nìyẹn?"

"Owó tí ẹ fi kí mi ni. Ọmọ náà ṣì wà nínú oṣù ìdánwò iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan rí ohunkóhun sọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ gbọ́? Wọ́n ń san owó ìkíni ní gbèsè onípele!" Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá wò mí, ohùn rẹ̀ yí padà, ó sì ti kúrò lórí "ẹ." "Owó mi kò já wẹ́wẹ́ nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Lódindi ló wá. Bó bá máa padà, kó padà lódindi."

"Alájì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí sílẹ̀ ná."

"Gbé e. Ṣé mo yá ọ lówó ni? Ìwọ lo dìde lójú gbogbo èrò, tí o ní ọmọ gbogbo wa ni. Ọjọ́ wo ló di ọmọ tìrẹ nìkan? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti bá ọ̀gá wọn sọ ọ́ pé mo mọ ìyá ọmọ náà. Ṣé irọ́ ni?"

Irọ́ kọ́. Mo ká 15.000 náà padà sínú àpò mi.

Nígbà tí mo yíjú láti lọ, ó ju ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé mi: "Olófin! Páànù iwájú ìsọ̀ rẹ tó yọ sórí gọ́tà ní Ànyàmá ńkọ́? Ta ló fọwọ́ sí ìyẹn?"

Mo rò ó títí mo fi délé. Òótọ́ ló sọ. Páànù yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá rẹ, ó yọ ju ìlà àwọn ìsọ̀ yòókù lọ, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn a máa bọ́ sójú títì láti kọjá lábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé mo pe káfíńtà, mo ní kó gé e kó bá ìlà. 4.500. Káfíńtà bi mí bóyá orí mi dá. Òjò fẹ́lẹ́ kan rọ̀ ní ọ̀sán, ó kan àpótí ìṣó méjì, mo ń gbé wọn wọlé, mo ń gbé wọn jáde. Inú mi kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu Alájì Làmídì ti ṣófo lórí ìyẹn.

Wàyí o, ìdí tí n kò fi fẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí o sọ fún ọ̀gá rẹ pé o kò mọ ọkùnrin náà, òtítọ́ lo sọ. O kò mọ̀ ọ́n. Ní báyìí tí o ti ka ìwé mi, "non" yẹn ti di irọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di irọ́. Mo rò pé bí n bá dákẹ́, ìwọ á wà ní mímọ́. Ṣùgbọ́n Alájì kò ní dákẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ fún un pé ilé yẹn kò lè kọjá, yóò ka 50.000 náà lójú ọ̀gá rẹ bí ó ṣe kà á lójú ẹgbẹ́, ẹgbàárùn-ún ẹgbàárùn-ún. Bí ẹ bá sì fọwọ́ sí i, ó burú ju ìyẹn lọ. A ti ra ìwọ náà nìyẹn, ní 50.000, bàtà àti báàgì ti wọ inú rẹ̀.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Mò ń fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ gbaka tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa, yóò dé ọwọ́ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀ ọ̀la, kí o tó jókòó sídìí tábìlì rẹ, lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé, "Ìyá mi gba 50.000 lọ́wọ́ ọkùnrin yìí níbi ìpàdé ìlú wọn. Mi ò mọ̀ títí di àná. Ó ń wá a láti dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé rẹ̀ fún ẹlòmíràn." Bó bá bi ọ́ pé ṣé ìyá rẹ kò mọ ìdí tí wọ́n fi fún un, má ṣe gbè mí. Sọ pé ó fura, ó sì gbà á.

Wọ́n lè dá ọ dúró. Mo mọ̀. Oṣù ìdánwò ni, wọn kò nílò ìdí púpọ̀ láti sọ pé kí o máa lọ. Mo ti ro ìyẹn pẹ̀lú, mo rò ó bí mo ṣe ń ro owó: ọdún tí o fi kàwé, owó ilé-ìwé, aṣọ, gbogbo rẹ̀. N kò lè kọ iye rẹ̀ síbí. Bí wọ́n bá ní kí o lọ, máa bọ̀ wálé, ìsọ̀ wà, ìwọ náà mọ ìṣó wọ̀n. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o jókòó sójú fèrèsé yẹn kí ẹnìkan lóde máa di okùn rẹ mú. Ọmọbìnrin tó fi bírò ti owó mi padà, kò sí okùn kankan lọ́rùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè sọ òtítọ́ fún wa.

Wọ bàtà náà lọ. Owó wọn ni a fi rà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti wọ̀ ọ́, ọlọ́jà kò ní gbà á padà mọ́.

Má ṣe fi owó oṣù rẹ san gbèsè yìí. Bó bá ti ọwọ́ rẹ jáde, ìwọ lo gbà á nìyẹn. Àwọn márùn-ún tó fún mi ní 5.000, wọn kò gbé ìwé kankan wá. Ìkíni tòótọ́ ni tiwọn. A ó kí àwọn náà bí inú wọn bá dùn, bí ó ṣe yẹ kó rí.

Lára 15.000 tí Alájì kọ̀, mo yọ 4.500 káfíńtà, mo yọ 1.100 owó ọkọ̀ Riviera, mo fi èrè àná kún un, 2.600. Àjọ tí mo ń dá yóò kàn mí lẹ́yìn oṣù méjì, 60.000. Mo ti bẹ ẹni tó ṣáájú mi pé kó jẹ́ ká pààrọ̀. Kò tíì dá mi lóhùn. Bó bá gbà, ọjọ́ náà gan-an ni màá wọ gbaka lọ kó owó Alájì fún un.

Tẹ̀ mí láago lọ́la lẹ́yìn tí o bá ti bá a sọ̀rọ̀. Bí owó orí fóònù kò bá tó, jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan kí o gé e, èmi á pè ọ́ padà. Lórí èyí, n kò ní ka owó.

Èmi ni ìyá rẹ.

Tó wà lọ́wọ́ mi: 12.000.
Tí mo jẹ Alájì Làmídì, lódindi: 50.000 fáráńkì. N kò tíì san án.